Gílóòbù Mẹ́rin Lórí Wáyà Kan

Onígbàjámọ̀ ti parí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún orí bàbá náà, ti òsì ṣì kún bí igbó, nígbà tí iná kú. Kílípà dákẹ́ sínú irun, ó há síbẹ̀.

"Ṣé wọ́n mú iná lọ ni?" bàbá náà béèrè.

Onígbàjámọ̀ yọjú síta. Fáànù aránṣọ òdìkejì ń yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀.

"Ó jọ pé tiwa nìkan ni, sà."

Orí yìí kì í ṣe orí lásán. Orí bàbá ọmọbìnrin tó ń fẹ́ sọ́nà ni. Bàbá náà wá wo irú ẹni tí òun fẹ́ fọmọ fún, ó sì ní ìpàdé tí yóò ṣe alága rẹ̀ lágogo méjìlá. Kò tíì pẹ́ tí onígbàjámọ̀ fọ́nnu fún un pé òun fúnra òun lòun fa gbogbo wáyà ṣọ́ọ̀bù aláìní-fèrèsé náà. Kò sọ pé àbúrò òun obìnrin, oníṣẹ́ iná, ti bẹ òun títí kí òun jẹ́ kó bá òun ṣe é. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi?" ló fi dá a lóhùn.

Ó yọ kílípà kúrò nínú irun, ó sì gun àga. Ó gbá gílóòbù kìíní, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìkejì. Ó tan súwíìṣì, ó pa á, ó tún un tàn. Pàbó. Bàbá wo aago. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; onígbàjámọ̀ mú fóònù, ó sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Àbúrò rẹ̀ dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́, ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì fi eyín tẹ ètè kó má baà rẹ́rìn-ín orí tí wọ́n gé dé ìdajì náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè àjà.

"Oníṣẹ́ burúkú wo ló ṣe èyí?"

Bàbá wo onígbàjámọ̀ nínú dígí. Onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀.

"Èmi ni."

"Bọ̀dá mi, ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ to gbogbo wọn sí! Iná gbọ́dọ̀ la inú ti àkọ́kọ́ kọjá kó tó dé èkejì, títí dórí kílípà, kó tó rọ́nà padà. Bí ọ̀kan bá ti jó, ọ̀nà já nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ń tàn tẹ́lẹ̀!"

"Wọ́n ń tàn àbí wọ́n ń ṣẹ́jú? Agbára tó yẹ ẹyọ kan ni márùn-ún ń pín jẹ."

"Abájọ," ni bàbá wí. "Kílípà yẹn ń hú irun mi bí ẹni hú èpò. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣú, mo ti ní kí n lọ rí dókítà."

Obìnrin náà pa iná láti orísun. Ó fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní wáyà tí iná yóò bá wọlé àti èyí tí yóò bá jáde, ó fún kílípà ní tirẹ̀. Ó yọ èyí tó jó sọnù, ó dá iná padà láti orísun, ó sì tan súwíìṣì.

Gílóòbù mẹ́ta tàn yòò. Kílípà bú ramúramù, onígbàjámọ̀ fò sókè. Inú rẹ̀ dùn, ó yíjú sí orí bàbá.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó ti parí rí gbágungbàgun bí oko tí wọ́n kọ ebè sí, ìdì irun kan sì dúró ṣinṣin lókè etí.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó bá gé irun lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá mọ́, onígbàjámọ̀ sì ti ń rò pé aránṣọ òdìkejì ló ń ba òun lórúkọ jẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ jẹ́ kí n tún ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀."

Bàbá fa aṣọ ọrùn rẹ̀ gún.

"Máa gé e," ó ní. "O ti ń ríran báyìí."