Yìnyín Kò Bàjẹ́ Lọ́jọ́ Náà

Láti aago méje àárọ̀ ni Verna Hakala ti dúró sídìí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, tó ń wo bí fẹ́rì ṣe ń rọra la àfọ́kù yìnyín bọ̀ láti Port Linden. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọkọ̀ náà máa sọdá láti oṣù kìíní. Lọ́dọọdún, bí ìgbà ìrúwé bá ti wọlé, tí adágún Superior sì ti yọ́ débi tí ọkọ̀ lè kọjá, Arlys Bergstad ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa ń bọ́ sílẹ̀ ní èbúté erékùṣù Sorrel. Á wọ bàtà òjò, á gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, á máa fẹsẹ̀ wọ́ ẹrẹ̀ bọ̀ lójú títì, á sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó tó kan ìlẹ̀kùn. Wọ́n á jókòó ti kọfí àti páì ápù, wọ́n á tú gbogbo ohun tí òtútù ti dì mọ́nú palẹ̀: ta ló kú, ta ló bímọ, òrùlé ta ni yìnyín wó. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti ń ṣe é, láti ìgbà tí ọkọ Verna ti kú, tó sì kó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní erékùṣù. Ṣáájú ìgbà náà, ọdún méjìlélógún gbáko ni àwọn méjèèjì fi jọ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Port Linden. Iná ìdáná ti jọ jó wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti jọ rí ẹ̀yìn ọ̀gá kíṣìnnì mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Verna kò lè jókòó. Ó ti nu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú oṣù kejì ni Einar, ọkọ Arlys, kú, Verna kò sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Lóṣù kejì, adágún ti dì gbagidi, mọ́tò ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn igi Kérésì tí a ti lò ni wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Ọjọ́ Àìkú ni Einar kú, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi ìsìnkú sí. Arlys fúnra rẹ̀ ló pè é lórí fóònù.

"Verna, wá o. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láìsí ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ṣé ó yẹ kó o tún bẹ̀ mí ni? Mo ti wà níbẹ̀."

Ó sì ní in lọ́kàn lóòótọ́. Lálẹ́ ọjọ́rú, ó lọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó fi kọ́ sẹ́nu ìlẹ̀kùn. Duane tó ń pín lẹ́tà ní erékùṣù ti ní òun máa wá fi mọ́tò gbé e ní aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó di àárọ̀, ó jí, òtútù mú ju ti àná lọ. Ó se kọfí, ó mu ún. Ó fẹsẹ̀ ti sítóòfù tó ń jó igi, ooru rẹ̀ sì gùn ún dé orúnkún. Ó bu kọfí kejì. Ó ń rò ó bí ibi ìsìnkú ṣe máa rí: yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó kún fún èèyàn, sáńwíìṣì tútù, kálukú ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún opó. Ó rántí bí òun náà ṣe kórìíra ẹnu àwọn èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ òun. Nígbà tí Duane fọn fèrè mọ́tò, Verna ṣí fèrèsé díẹ̀.

"Duane, ẹ máa lọ. Àyà ń fún mi."

"Ṣé kí n pe nọ́ọ̀sì fún yín, mà?"

"Ó tì o. Ẹ máa lọ jàre, ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Kò sí nǹkan tó ṣe àyà rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan ó pe ilé Arlys, Kirsten, ọmọ Arlys, ló gbé fóònù. Verna ní kó bá òun sọ fún ìyá rẹ̀ pé yìnyín ti là níhà tàwọn, kò sẹ́ni tó lè sọdá. Irọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde yà á lẹ́nu; ńṣe ló dán bí ẹni pé ó ti sùn ti irọ́ náà ní gbogbo òru. Bẹ́ẹ̀, Duane àti èèyàn mẹ́rin mìíràn láti Sorrel ti sọdá láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì níṣojú Arlys.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, Arlys pè é. Ó dúpẹ́ fún káàdì ìbánikẹ́dùn tó fi ránṣẹ́. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìnyín. Láti ìgbà náà wá, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ ajá àti ọ̀rọ̀ orúnkún ni wọ́n ń sọ lórí fóònù. Verna sì ń tan ara rẹ̀ jẹ pé ẹni tó ń sọkún kì í ka iye èèyàn tó wà lórí ìjókòó.

Ìlẹ̀kùn dún. Arlys ti dé; kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n ṣí i, ó ti wọlé.

"Obìnrin yìí, o ṣì wà láyé!" ni Arlys wí.

"Ta ni yóò wá pa mí níbí? Ikú gan-an ń sá fún ẹrẹ̀ títì yìí." Bí Verna ṣe sọ ọ́ tán ló fẹ́ gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n Arlys rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ ka orí tábìlì. Ó ti rù. Jákẹ́ẹ̀tì Einar tó jẹ́ aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó ká apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè yọ. Ó mú ìgò oyin igi mépù kan jáde, èyí tí wọ́n fi omi ara igi náà sè.

"Ti ọdún yìí ni. Omi igi ò pọ̀, oòrùn tètè mú. Gé páì wá, ebi ń pa mí. Ọkọ̀ yẹn gbọ̀n mí bí ìrẹsì inú igbá."

Wọ́n jókòó. Ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Verna sọ ti béárì tó jí kúrò lójú oorun ìgbà òtútù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá fa àpótí oúnjẹ ẹyẹ ya níwájú ilé, tó sì jókòó sórí àga òun bí àlejò tó ń retí kọfí. Ó sọ bí àwọn adìyẹ òun ṣe padà bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Arlys ní ilé ìwé ti pa kíṣìnnì àwọn rẹ́, pé inú páálí ni wọ́n ń kó oúnjẹ wá báyìí, kò sẹ́ni tó ń bó ọ̀dùnkún mọ́.

"Nínú páálí kẹ̀? Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ohun tó bá wà nínú páálí ni. O rántí kéèkì rẹ?"

"Má bẹ̀rẹ̀ o."

"Igba ọmọ! O da iyọ̀ sínú kéèkì igba ọmọ dípò ṣúgà! Ọ̀gá ilé ìwé wá jẹ ègé mẹ́ta torí ó ń bẹ̀rù ẹ!"

"Kò bẹ̀rù mi. Ọmọlúàbí ni."

"Ọmọlúàbí wo? Ojú ọkùnrin náà pọ́n bí ata!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Arlys fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì nu ojú. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dà bíi pé kò sí ohun tó yí padà. Ẹ̀fúùfù tó gba ẹnu fèrèsé wọlé ní òórùn ilẹ̀ tútù nínú. Arlys ní ajá àwọn, Tillie, orí bàtà Einar ló ń sùn, pé òun kò lè kó bàtà náà kúrò nílẹ̀ nítorí rẹ̀. Verna na ọwọ́ sí ìkòkò kọfí. Ó bu kọfí kún ife tó ti kún.

Nígbà náà ni Arlys wí, tó ń wo ojú omi, "Ọ̀nà yìnyín yín pẹ́ lọ́dún yìí, àbí? Duane ní òun ṣì fi mọ́tò gbà á ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta."

Verna kò mọ̀ bóyá pàkúté ni tàbí ọ̀rọ̀ lásán. Ohùn Arlys kò yí padà. Bí Verna bá ní "bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ọjọ́ á lọ. Ó ti ife rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Arlys. Yìnyín kò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀."

Arlys fi fọ́ọ̀kì kó ìyókù páì jọ sójú kan nínú abọ́.

"Mo rí Duane tó wọlé," ló wí. "Mo ní o ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Mo gbé báàgì mi sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò Einar wá bi mí bóyá èèyàn wà níbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá ti dún ni mò ń yí ọrùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ mi, èmi ń wo ìlẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ ìdajì nínú ohun tí àlùfáà sọ. Ilé ni mo dé kí Kirsten tó ráyè jíṣẹ́ rẹ fún mi." Ó gbójú sókè. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ, Verna? Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Verna wá àwíjàre. Ó wá a káàkiri inú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́, kò rí.

"Kò sí nǹkan kan. Ohun tó ń dójú tì mí nìyẹn. Òtútù mú, mo sì jókòó sídìí sítóòfù. Mo mu kọfí kejì. Lẹ́yìn náà, mi ò lè dìde."

"Kọfí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Arlys rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú tí kò ní ayọ̀ nínú. "Ká ní o sọ pé ẹ̀rù yìnyín bà ẹ́ ni, tàbí pé o kórìíra Einar, ǹ bá mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Kọfí, níbo ni kí n gbé kọfí sí?"

"Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú mọ́. Mo ti bínú tán lóṣù kejì. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Ó ti abọ́ síwájú. "Verna, mo ń lọ. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn, mo kàn ń fi béárì àti páálí sáré yí i ká. Mo ti gbé ilé fún ẹni tó fẹ́ rà á. Níparí oṣù karùn-ún, Kirsten á wá kó mi lọ sí Nebraska."

"Nebraska? Kò sí omi níbẹ̀!"

"Àgbàdo wà níbẹ̀. Ọmọ mi náà sì wà níbẹ̀."

"O ti sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ìlú yìí ni wọ́n máa sin ẹ́ sí. O ní o ò lọ sí ibì kankan."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Arlys yí ife rẹ̀ po lórí tábìlì. "Lọ́sẹ̀ ìsìnkú yẹn, Kirsten jókòó síwájú mi, ó ní, 'Mọ́mì, ta lẹ ní níbí?' Mo la ẹnu láti dárúkọ rẹ. Orúkọ náà kò jáde."

Kò pariwo, kò ju ọ̀rọ̀ náà lù ú. Bó ṣe sọ pé omi igi ò pọ̀ náà ló ṣe sọ ọ́. Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Verna jókòó sínú ilé ìdáná bàbá rẹ̀, ó ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ogún ìṣẹ́jú ni mọ́tò fi ń gba orí yìnyín dé Port Linden. Ogún ìṣẹ́jú péré.

Nígbà tí fẹ́rì fọn fèrè ìpadàbọ̀, Verna sìn ín dé èbúté. Ẹrẹ̀ ń fa bàtà wọn mọ́lẹ̀. Arlys fi hàn án bí ewé tuntun ṣe ń yọ lára igi kan, Verna ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rí i. Wọ́n dì mọ́ra. Jákẹ́ẹ̀tì náà ṣì ń rùn bí epo ẹ́ńjìnnì àti tábà Einar.

Lóṣù karùn-ún, Verna sọdá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá Arlys di ẹrù. Ó fi bébà wé abọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó fọ àwọn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àpótí tí kò yẹ kí ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin gbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dá lọ sí itẹ́ òkú, ó dúró níwájú òkúta tuntun Einar. Ó ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti ilé, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ gé koríko nítòsí, ariwo ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ gbá eruku tó wà lórí òkúta, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n di àpótí ìkẹyìn tán, Arlys yíjú sí i, ó ní, "O ṣeun gan-an o, Verna. O mà ṣe wàhálà."

Verna ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, Arlys kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí lórí iṣẹ́. "Gbé e síbẹ̀," "ọwọ́ rẹ mà lọ́ra," "kúrò lọ́nà kí n ráyè," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò ló ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kirsten ti tan mọ́tò. Tillie ti gun ẹ̀yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Arlys wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó sì yí gíláàsì sílẹ̀.

"Kí ọ̀nà dára," ni Verna wí.

"Àmín. Máa wọ fìlà, atẹ́gùn omi yẹn ò dáa fún etí rẹ."

Títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Arlys á sọ bí àgbàdo ṣe ga tó, á bèèrè àlàáfíà àwọn adìyẹ, ohùn rẹ̀ a sì máa tutù dáadáa. Verna ló máa ń pè.