Owó Tó Ní Ilé Olódi Lára

Bí owó ẹyọ náà ṣe kúrò lọ́wọ́ Leokadia báyìí ló mọ̀ pé òun ti ṣi owó jù. Ó kọ mànà lójú oòrùn, ó sì bọ́ sáàárín ìrẹsì àti owó wẹ́wẹ́ tí èrò ń dà lu tọkọtaya lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Owó Wacław, ọkọ rẹ̀! Owó ìrántí tí àwòrán ilé olódi Malbork wà lára rẹ̀, ilé tí ọkọ rẹ̀ fi ọjọ́ ayé rẹ̀ to bíríkì rẹ̀ padà lẹ́yìn ogun. Inú òtútù ni bàbá náà ti tò sórí ìlà ní báńkì kó tó rí i gbà. Kò pẹ́ sí i ló kú. Láti ìgbà náà, àpò òsì ẹ̀wù Leokadia ni owó náà ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tuntun tòní, àpò kan ṣoṣo ló ní, owó náà àti owó wẹ́wẹ́ sì jọ wà nínú rẹ̀.

"Ẹ ṣà á! Ẹ ṣà á!"

Nínú ọkọ àti ìyàwó, ẹni tó bá ṣà jù ni yóò máa di àpò owó ilé mú. Jagoda ìyàwó, ọmọ ọmọ Leokadia, ti ká aṣọ funfun sókè, ó ń ṣà bí adìẹ tó rí àgbàdo. Tymon ọkọ ìyàwó, ọmọ Warsaw tí Leokadia ní kò lè mọ bíríkì yàtọ̀ sí búrẹ́dì, wà lórí orúnkún.

Leokadia náà kúnlẹ̀.

"Màmá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ bá mi du ọkọ ni?"

"Ọkọ wo? Èyí tó gbẹ bí igi ìdáná yìí? Yẹra, jẹ́ n ríran!"

Ẹ̀rín sọ. Leokadia ń fi ọwọ́ tú ìrẹsì nílẹ̀. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òun ti fi ìwàǹwára ju tòun.

"Wọ́n dọ́gba!" ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tó ń ka owó kígbe.

"Irọ́ o! Tymon, kí lo dì mọ́wọ́?" ni Jagoda bi í.

"Kì í ṣe tèmi." Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Leokadia, ìrẹsì nínú irun, ẹrẹ̀ lórúnkún. "Màmá, ilé tí bàbá tún kọ́ rè é. Èyí kì í ṣe owó tí à ń jù."

Leokadia gba owó náà; ó gbóná láti àtẹ́lẹwọ́ Tymon. Leokadia wò ó, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì tún jù ú, síbi bàtà rẹ̀ gan-an.

"Ṣà á, ọmọ mi."

"Màmá àgbà, ẹ dalẹ̀ mi o, ẹ ti jẹ́ kó borí mi!" Jagoda ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Leokadia ti ọwọ́ bọ àpò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kò sì wá nǹkan kan.