Ètò Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Agbẹ́sẹ̀

Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ kankan. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló ń darí ẹ̀rọ ńlá tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀. Linux àtijọ́, ètò ìpìlẹ̀ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣàìsàn, kì í ṣàárẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kógbá wọlé tipẹ́, kò sì sí Linux tuntun kankan tó lè bá a ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn, Ọ̀gá Agbẹ́sẹ̀ tó ni ilé iṣẹ́ á wò ó bí ẹni tó ní kó ta ìyá rẹ̀.

Ọ̀ràn wá kan Àǹtí, àbúrò ìyá Ìyá Ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti wà lórí àga onítáyà, láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fọwọ́ wọn kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe sì bó awọ ara rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kámẹ́rà tuntun ni ilé ìwòsàn fi wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n náà pé pérépéré. Àmọ́ ètò orí kọ̀ǹpútà àgbà yẹn kò lè ṣí i. Ètò tuntun tó lè ṣí i, Linux tuntun ni wọ́n ṣe é fún.

"Èyí nìkan ni mo tún máa gbìyànjú o, ọmọ mi," ni Àǹtí wí. "Tó bá tún dùn mí, ẹ jẹ́ n jókòó mi jẹ́ẹ́."

Ìkánjú wọ Ìyá Ẹ̀rọ. Ó gbé ètò tuntun bó ṣe wà, ó tì í bọ inú Linux àtijọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dán an wò láé. Ètò náà fa àwọn ẹbí rẹ̀, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tó gbára lé, wọlé, àwọn yẹn lé onílé jáde, nígbà tí wọ́n tún máa tan kọ̀ǹpútà, kò jí mọ́. Ọ̀gá Agbẹ́sẹ̀ jókòó sílẹ̀ lásán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ìyá Ẹ̀rọ ti ṣe ẹ̀dà gbogbo inú rẹ̀ pamọ́ kó tó fọwọ́ kàn án.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́," ni ọ̀gá wí nígbà tí wọ́n fi ẹ̀dà yẹn jí kọ̀ǹpútà padà. "O ti fagbára mú tìrẹ. Ó kù kó o fẹ̀sọ̀ mú un."

Ìyá Ẹ̀rọ wá gba àwọn ìlà tí wọ́n fi kọ ètò tuntun náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, pẹ̀lú ohun tí Linux àgbà ní nílé. Èyí béèrè ọ̀kan, ọ̀kan yẹn béèrè òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, ó ku iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Linux àgbà kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tó ti ń ka àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà tó ti bá ètò náà ló ti rí ìlà méjìlá tí ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ti kọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n sì ti yọ dànù. Bí Linux àtijọ́ ṣe lè ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an ni. Onítọ̀hún kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, "Fún àwọn tí kò lè kúrò níbi tí wọ́n wà."

Ìyá Ẹ̀rọ tún un kà. Ta ló sọ̀rọ̀ Àǹtí fún ẹni yìí?

Ó dá ìlà méjìlá padà, ètò náà sì gbà láti ṣiṣẹ́. Ó ku nọ́ńbà tó ń sọ ẹ̀dà tí ètò jẹ́. Àṣà àwọn oníṣẹ́ yìí ni pé wọn á mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì kan sí nọ́ńbà ètò tí wọ́n bá tún kọ́ fún Linux àtijọ́ kó lè kéré díẹ̀ sí ti ojúlówó tó wà fún Linux tuntun, kó lè yẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó bá dé. Wàhálà ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti múra àtidìde fún ẹlòmíràn. Ó máa ń ya Ìyá Ẹ̀rọ lẹ́nu.

Kọ̀ǹpútà àgbà ṣí ìwọ̀n Àǹtí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè," ni ọ̀gá ń sọ, ó ń nu ojú bíi pé eruku ló kó sí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí ki kùkùté bọ inú ẹsẹ̀ tuntun. Ó dijú, ó ń retí ìrora.

"Kò dùn mí," ló wí jẹ́jẹ́.

Ó di irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, ó dìde. Ìyá Ẹ̀rọ nawọ́ láti gbá a léjìká mú, ejìká ò sí níbi tó máa ń wà. Ó ní láti gbójú sókè. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ìyá Ẹ̀rọ nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn lọ, láti ìgbà tó sì ti ga ju àga yẹn lọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè dì mọ́ Àǹtí. Kò mọ̀ rí pé obìnrin gíga ni.

Àǹtí wò ó láti òkè, ó wò ó títí.

"Mi ò mọ̀ pé o kúrú tó báyìí," ló wí.