Irin Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ni Kó Já

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn, kó ti àga rẹ̀ síwájú. Ẹni tí kò rí àga, kó dojú apẹ̀rẹ̀ ẹja mi dé, kó jókòó lé e. Ọ̀rọ̀ èéfín ni mo fẹ́ sọ, èmi tí mo ti ń yan ẹja adágún Nangbéto láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé. Ìwé tí mo kà kò kún àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n bí èéfín bá dìde, mo mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ mọ ilé bíró onípele mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sórí òkè, tó ń dán yanran. Inú rẹ̀ tutù, nítorí ẹ̀rọ kan ń fẹ́ atẹ́gùn gba ọ̀nà onípáànù tó fara pamọ́ sínú àjà, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè pátápátá. Mùnírátù, àbíkẹ́yìn mi tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìdènà iná ní Lomé, òun ni wọ́n ní kó yẹ ilé náà wò. Bí kò bá fọwọ́ síwèé, òṣìṣẹ́ kankan kò ní wọlé ní ọjọ́ Ajé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé ìdí ààrò mi, ó jókòó, kò bu oúnjẹ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ibi tí ọ̀nà atẹ́gùn yẹn bá ti ń bọ́ láti ìpele kan sí èkejì, ilẹ̀kùn irin kan wà nínú rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó rọ̀ bí òjé ló gbé e dúró ní ṣíṣí. Bí iná bá sọ nísàlẹ̀, ooru á yọ́ irin kékeré náà, á já, ilẹ̀kùn á wó padé, iná àti èéfín á dúró síbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n Elvis, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, rí i pé méjì ti já, ló bá tú gbogbo ìyókù, ó fi wáyà tó nípọn so àwọn ilẹ̀kùn náà gbọin-gbọin.

Mùnírátù kò fọwọ́ síwèé. Ọ̀gá Philippe, tó ń ṣe olórí ibẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọmọdé pàápàá mọ̀ pé wáyà lágbára ju òjé lọ. Ó ní bí ọ̀sán Jímọ̀ bá pọ́n tí kò tíì fọwọ́ sí i, kó kó ẹrù rẹ̀, òun á pe ẹlòmíràn.

“Màmá, bí mo bá fọwọ́ sí i, èéfín á pa ènìyàn lókè kí iná tó débẹ̀.”

“Má fọwọ́ sí i. Jẹun. Kí o sì bá mi mú ọ̀kan nínú irin rírọ̀ yẹn wá.”

Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, mo di garawa méjì tí kò nídìí, èédú àti apẹ̀rẹ̀ ẹja kan mọ́ ẹ̀yìn sẹ́míjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò, orin sì bọ́ sí mi lẹ́nu:

*Èéfín kò lẹ́sẹ̀,*
*Ó ń gòkè, ó ń gòkè.*
*Èéfín kì í kanlẹ̀kùn,*
*Ó wọlé, ó wọlé.*
*Ẹni tó bá mọ èéfín,*
*Kó tètè tilẹ̀kùn.*

Kí a tó gun òkè tán, ọlọ́kadà mi ti ń gbè é.

Mo gbé garawa méjèèjì nàró sí àgbàlá bíró, mo koná sábẹ́ wọn. Mùnírátù fi ìdérí páànù kọ́ sókè ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi irin rírọ̀ so ọ̀kan, ó fi wáyà Elvis so èkejì. Ọ̀gá Philippe sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀, ó bi wá bóyá ibẹ̀ ti di ọjà ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ọ̀gá mi, nínú méjèèjì, èwo ló lágbára?”

“Ìyá, wáyà ni.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a fi kóòtù yín kọ́ sókè rẹ̀.”

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń parí ilé náà ti pé lé wa lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò lè fà sẹ́yìn mọ́. Ó bọ́ ọ, Elvis sì fi ọ̀pá kọ́ ọ.

Mo da háhá àgbàdo tútù síná, mo fẹ́ ẹ. Kò pẹ́, irin rírọ̀ yọ́, ìdérí já lé ẹnu garawa gbàù, ó sé èéfín mọ́nú, garawa yẹn sì dákẹ́ bí ọmọ tó yó. Èkejì ńkọ́? Wáyà gbóná, kò já. Èéfín tú jáde, ó wọ apá kóòtù, ó wọ àpò, ó yọ lọ́rùn.

Elvis rọra sọ pé, “Màmá, mo rò pé ohun tó lágbára ló dáa.”

“Elvis ọmọ mi, irin mìíràn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó já.”

Ọ̀gá Philippe gbóòórùn kóòtù rẹ̀, ó wá gbójú sókè sí fèrèsé ìpele kẹta. Níbẹ̀ ni bíró tirẹ̀ wà. Ó ní kí Elvis gé gbogbo wáyà náà kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọlé ní ọjọ́ Ajé, títí irin tuntun á fi ti Lomé dé. Ó yíjú sí Mùnírátù.

“Ìgbà tí o bá ní ó tó, ìgbà yẹn ló tó.”

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà ni Mùnírátù tó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí irin tuntun dé, tó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ṣe wó padé.

Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ yẹn, iná mi ṣì ń jó, ẹja sì wà. Mo yan án, mo gún ata, wọ́n ra òkèlè àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà. Mùnírátù tí kò jẹun lánàá jẹ ẹja mẹ́ta. Ọ̀gá ní Pauline ìyàwó òun á rò pé òun ti di apẹja, ó sì tún na ọwọ́ sí ẹja. Kí àwa tí a fẹ́ lọ kírun Jímọ̀ tó dìde, egungun nìkan ló kù nínú àwo. Olúkúlùkù nu ẹnu, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ikùn ń ṣíwájú, orin mi ń tẹ̀ lé e.