Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀rọ Tó Ń Sáré ní Ọ̀fàdà

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n Alhaja Ameenah ará Ìtòkú kò fi tirẹ̀ ṣe oògùn mọ́, oúnjẹ ló fi ń ṣe. Ó ní ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, Fátọ́lá ló sì ti ń bá a mójú tó o láti ọdún mọ́kànlá. Alhaja kò lè máa lọ ṣọ́ ọ lójoojúmọ́, ló bá ní kí Usamah, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ iná, ṣe ohun tí yóò máa bá òun ṣọ́ ọ.

Usamah lẹ òòfà kan mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà. Bí òòfà bá kọjá, ẹ̀rọ kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò bí aago. Bó bá tún yí dé, á dá kíkà dúró. Bí iye tó kà bá ṣe kéré tó ni kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré tó. Orí fóònù l'Alhaja ti ń rí i.

Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ, fóònù á ní kẹ̀kẹ́ ń sá eré àsápajúdé, eré tó lè rún ìrẹsì wẹ́wẹ́.

"Ó fẹ́ tètè ṣe tán kó lọ sóko tirẹ̀," l'Alhaja wí. Ó pinnu pé Ọjọ́bọ̀ lòun yóò lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, òun àti Usamah sá pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Aago mẹ́jọ lù, fóònù ní kẹ̀kẹ́ ń sáré burúkú. Alhaja yọjú. Fátọ́lá kò tíì tan ẹ̀rọ rárá! Ọwọ́ ló fi ń yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó ń ṣa òkúta tó há sínú ẹ̀rọ lánàá sínú abọ́.

Usamah dọ̀bálẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ̀bi mi ni. Ibi tí ẹ̀rọ mi lè kà dé lópin. Bí ẹ bá ka tẹ̀sùbáà yín tán tí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ka mẹ́ta, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta péré lẹ ti kà. Kẹ̀kẹ́ yìí pẹ́ kó tó yí dé, kíkà kún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Iye kékeré tí a rí la pè ní eré."

Fátọ́lá gbọ́ ohùn wọn, ó yíjú. "Alhaja, ẹ kú àárọ̀. Kí lẹ rò pé mò ń ṣe?"

Ìtìjú mú Alhaja, ṣùgbọ́n kò lè purọ́. "Mo rò pé ò ń ba ẹ̀rọ mi jẹ́. Mo wá lé ẹ ni. Jọ̀ọ́, má bínú."

Fátọ́lá gbé abọ́ òkúta lé e lọ́wọ́. "Ọdún mọ́kànlá, Alhaja. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè."

Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó kọrí sọ́nà oko. Alhaja pè é títí, kò wẹ̀yìn.