Òrùlé Tí Kò Jò

Ìyàwó télọ̀ kan kì í gbà kí òjò lé òun wọlé. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, a jókòó sórí àga rẹ̀ ní pèpéle kọnkéré tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti máa ń jókòó láti ìgbà tí ilé náà ti wà ní tuntun. Bí òjò bá bá a níbẹ̀, a jókòó sínú òjò. Ọkọ rẹ̀ a fà á, a bẹ̀ ẹ́, a ṣí agbòjò lé e lórí. Kò ní dìde. Àìsàn ìgbàgbé ti gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: orúkọ àwọn ará àdúgbò, ọ̀nà ilé ìdáná, ikú àbúrò rẹ̀. Ibi tí ó ń jókòó sí lọ́sàn-án àti ẹni tó ń jókòó tì í nìkan ni kò tíì gbà.

Lásìkò òjò tó kọjá, òtútù wọ̀ ọ́ láyà, ó sì pẹ́ nílé ìwòsàn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Ó wá tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá, lẹ́yìn náà ó pe bàbá rẹ̀ sínú yàrá.

"Bàbá, mo fẹ́ máa mú Màmá lọ sọ́dọ̀ mi."

"Kí ló ṣe é níbí?"

"Òjò ló ṣe é. Ẹ̀yin náà ò sì kéré mọ́, Bàbá. Ẹ ò lè máa gbé e wọlé bí ọmọ ọwọ́."

"Tí mo bá wá bo orí ibẹ̀ ńkọ́? Tí òjò ò bá kàn án mọ́?"

Ọmọ náà wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ọwọ́ tó ti fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ dàgbà ni. Kò jọ ọwọ́ tó ń gbé igi.

"Ó dáa. Màá padà wá nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀. Tí ara Màmá bá gbẹ, màá fi wọ́n sílẹ̀. Tí kò bá gbẹ, ẹ ò ní bá mi jà."

"Mi ò ní bá ọ jà."

Bàbá náà mọ ohun tí ó fi dógò nínú àdéhùn yìí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá gbé inú ilé kan, kò sì fẹ́ kọ́ ọ lọ́jọ́ ogbó.

Àwọn káfíńtà pọ̀ ládùúgbò, ṣùgbọ́n kò lè pè wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ kì í fẹ́ rí ọkùnrin tí kò mọ̀ nínú ọgbà. Ọjọ́ tí ẹni tó ń ka mítà iná wọlé, igbe tí ó ké mú kí àwọn aládùúgbò sáré jáde pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Nítorí náà télọ̀ pinnu pé òun yóò ṣe òrùlé náà fúnra òun. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń wọn nǹkan, tí ó ń gé e, tí ó ń so ó pọ̀. Ó rò pé igi àti páànù kò lè ṣòro ju kóòtù lọ.

Bíríkìlà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní ilé kejì. Lórí ògiri tó pín ọgbà wọn ni ó ti ń bá a sọ̀rọ̀, kí obìnrin náà má baà rí i.

"Télọ̀, wọ́n ní o fẹ́ rán ṣòkòtò fún ilé rẹ."

"Yá mi ní rọ́bà omi tí ẹ fi ń wọn ilé bóyá ó dọ́gba, má pa mí lẹ́rìn-ín."

"Òpó mélòó lo fẹ́ rì?"

"Mẹ́ta tó."

"Kò tó. Rì mẹ́rin. Tí ṣòkòtò bá já, ìdí ẹnì kan ló máa síta. Tí páànù bá já, orí gbogbo ilé ni."

Télọ̀ rì mẹ́rin. Ó da òkúta sí ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ òpó má baà máa mumi. Ó so irin mọ́ okùn, ó fi wò ó bóyá òpó dúró ṣánṣán, kí ó tó da kọnkéré yí i ká. Ó fi rọ́bà omi wọn orí àwọn òpó náà, nítorí pé bí omi bá ṣe ga tó ní etí rọ́bà kan ni yóò ṣe ga tó ní etí kejì. Ó mú kí ìhà ògiri ilé ga ju ìhà àgbàlá lọ, kí òjò lè máa ṣàn kúrò lára ilé. Nígbà tí ó kan páànù, ó gbé etí ọ̀kan lé etí èkejì bí ìgbà tí ènìyàn ń rán ojú aṣọ méjì pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìhà tí ìjì kì í ti í wá, kí afẹ́fẹ́ má baà ti omi sábẹ́ ibi tí wọ́n ti pàdé. Orí ibi tí páànù ti yọ sókè ni ó ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé a kì í gún ibi tí a kò fẹ́ kí nǹkan gbà kọjá.

"Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà," ni bíríkìlà wí. "Ṣùgbọ́n tìrẹ yìí, ẹlẹ́dẹ̀ á ti bímọ kí imú tó wọlé."

"Aṣọ tí a bá kánjú rán, ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín."

"Ojú ọ̀run ò gbọ́ ìyẹn o. Wò ó bó ṣe ń ṣú."

Òótọ́ ni. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, òwúrọ̀ nìkan ni télọ̀ fi ń ṣe é; ọ̀sán jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ṣáájú àkókò, ó mú ọ̀sán náà kún un. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí pèpéle, òun náà wà lórí àkàbà níwájú rẹ̀. Télọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ tó dọ̀tí, ó fi àkísà bo imú nítorí ẹ̀kúnná pákó. Ìyàwó ti máa ń sùn kí ọkọ tó wọ yàrá lálẹ́, kì í sì í tíì jí nígbà tí ó bá jáde.

Wọ́n ní eré kan, òun àti obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ìyàwó a wọ ṣọ́ọ̀bù wá bí oníbàárà tí inú ń bí. "Télọ̀, aṣọ mi dà? Ẹ ti parọ́ fún mi tó." Ọkọ a dá a lóhùn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí: "Ẹ má bínú, mà. Ẹ padà wá lọ́la." Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni yóò po omi ìwẹ̀ fún ẹnì kejì. Ìyàwó kì í sábà pàdánù. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, kò bá a ṣe eré yìí mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, télọ̀ wà lórí àkàbà, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó. Ojú obìnrin náà dúró gbọnin, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

"Ẹ ṣé o, mà."

"Ṣé kò ní jò ṣá? Mo mọ ẹ̀yin káfíńtà. Ẹ̀ ń parọ́."

"Àwọn télọ̀ ló ń parọ́, mà. Káfíńtà ò mọ irọ́."

"Ẹ má bú télọ̀ lójú mi. Télọ̀ lọkọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀. Ibo wá ni wọ́n wà?"

"Ó lọ ṣọ́ọ̀bù. Ó máa tó dé. Kì í pẹ́ kó tó wá jókòó tì mí."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò lè dá a dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ po omi ìwẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pàdánù, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé láti ṣí àkísà kúrò nímú. Obìnrin náà dúpẹ́ fún omi náà. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti inú.

Ní ìrọ̀lẹ́, télọ̀ lọ síbi ògiri.

"Bíríkìlà, ìyàwó mi ti ń padà bọ̀ sípò. Ó bá mi ṣeré lónìí. Tó bá jẹ́ àlejò ló rí, ì bá ti ké."

"Eré wo?"

Ó ṣàlàyé. Bíríkìlà gbọ́ ọ dópin, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Lẹ́yìn tó o rẹ́rìn-ín, ṣé òun náà rẹ́rìn-ín?"

"Rárá. Òun ló borí."

"Télọ̀, fi àkàbà yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lọ wẹ̀, kó o lọ jókòó tì í."

"Òjò á dúró dè mí bí?"

"Èmi tí mò ń fi òjò lé ọ tẹ́lẹ̀ náà ni mo ní kó o dúró."

"Tí ọmọ yẹn bá dé tí òrùlé ò bá tíì parí, yóò mú un lọ. Má dá mi dúró."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà tún kí káfíńtà, káfíńtà sì tún dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ títí òrùlé fi parí. Nígbà tí ó fi sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà dí ibi tí páànù ti pàdé ògiri, ó fa rọ́bà láti ẹnu ẹ̀rọ omi gun òkè, ó rọ omi lé e lórí, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò. Ilẹ̀ gbẹ.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ wọn wà nílé. Télọ̀ ti wẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn. Òjò náà pa gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ó ń lu páànù, ó ń dà sílẹ̀ ní etí òrùlé bí aṣọ tí wọ́n ta sókùn. Lórí pèpéle, kò sí ẹ̀kán omi kan. Nọ́ọ̀sì wo òkè, ó fọwọ́ tọ́ òpó, ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó gbẹ.

"Bàbá, mo jọ̀wọ́ ara mi. Ẹ borí."

Télọ̀ fa àga rẹ̀ súnmọ́ ti ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Obìnrin náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Káfíńtà, iṣẹ́ ti parí. Ẹ máa lọ sílé yín."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò tíì fún mi lóúnjẹ, mà."

"Ẹ dìde lórí àga yẹn. Ọkọ mi ló ni ín."

"Ó dáa, mo ti pàdánù. Ó tó. Èmi nìyí."

Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin náà ké. Ó já ọwọ́ gbà, ó ti àga ṣubú, ó sì sáré jáde kúrò lábẹ́ òrùlé bọ́ sínú òjò. Ó dúró láàárín àgbàlá, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń pe ọkọ rẹ̀ kí ó wá gba òun. Télọ̀ dìde láti tẹ̀ lé e. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ kan, obìnrin náà sún sẹ́yìn. Bí ó ti gbé ìkejì, ó tún sún. Télọ̀ dúró.

"Bàbá, ẹ wọlé," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé kó má baà rí yín."

Ó wọlé. Láti ojú fèrèsé, ó rí i tí ọmọ rẹ̀ di ìyá mọ́ra tí ó sì mú un padà sábẹ́ òrùlé wẹ́rẹ́.

Ọmọ náà dúró tì wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, bóyá ìbẹ̀rù ìyá rẹ̀ máa kọjá. Ó mú àwòrán ìgbéyàwó wọn wá. Obìnrin náà fi ìka kan ọ̀dọ́mọkùnrin inú rẹ̀, ó dá a mọ̀, ó fi ẹnu kò ó. Wọ́n ní kí ó wo ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó dáadáa.

"Ó ń ṣiṣẹ́ níbí," ni ó wí. "Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àmọ́ kí ló dé tí kì í lọ sílé rẹ̀ lálẹ́?"

Ní ilé ìdáná, nọ́ọ̀sì kò fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Mú un lọ."

"Bàbá, òrùlé yín ò jò. Mi ò sọ pé..."

"Mo mọ̀ pé kò jò. Kò yẹ kí obìnrin máa bá ọkùnrin tí kò mọ̀ gbé. Ẹ̀rù ń bà á nínú ilé rẹ̀. Mú un lọ."

Télọ̀ di ẹrù ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ká aṣọ kọ̀ọ̀kan sí ojú ìrán, èyí tí òtútù kò ní wọ̀ ni ó fi lé òkè. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí ó má baà dẹ́rù bà á.

Obìnrin náà ti jókòó, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó yọ orí láti fèrèsé, ó sì ṣẹ́wọ́ sí i.

"Káfíńtà, ẹ bá mi jíṣẹ́ kan. Tí ọkọ mi bá dé, ẹ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni mo lọ. Kó má wá mi kiri nínú òjò."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Ẹ má gbàgbé o."

"Màá sọ fún un."