Àsíá Tí Hiske Dorí Rẹ̀ Kodò

Ní Fryslân tiwa, ní àríwá orílẹ̀-èdè Netherlands, a kì í kan ilẹ̀kùn ẹni lásán. Bí o kò bá ní ohun tí o fẹ́ gbà tàbí ohun tí o fẹ́ sọ, jókòó sílé rẹ. Ìwà ọmọlúàbí la pè é, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ Hiske ti kú, ìwà ọmọlúàbí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin náà. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó má gbọ́ ohùn kankan àfi ti rédíò.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ ìdíje bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní ìlú Franeker, gbogbo ilé ta àsíá Fryslân. Ojú Hiske ti ń ṣe bàìbàì, ló bá dorí tirẹ̀ kodò. Àwọn ewé òṣíbàtà pupa tó wà lára rẹ̀ wá kọ ṣóńṣó sókè. Àwọn àlejò a máa sọ pé àwòrán ọkàn ni wọ́n, a sì máa bá wọn jà lé e lórí. Òṣíbàtà ní í lékè odò. Ta ni yóò rí i ní ìdorí-kodò tí yóò gbẹ́nu dákẹ́?

Lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn Hiske kò sinmi. Ẹni tó ń pín lẹ́tà kàn án, ìyàwó pásítọ̀ kàn án. Tjalling, ọlọ́sìn màlúù tó ń gbé ní òdìkejì títì, náà dé.

"Màmá, ṣé ilé yín ló ń rì ni, tí ẹ fi ta àsíá bí ọkọ̀ ojú omi tó ń wá ìrànlọ́wọ́?"

"Wọlé wá mu kọfí ná, kó o tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Bísíkíìtì kan péré la máa ń fún àlejò ká tó dé agolo. Hiske kò dé agolo lọ́jọ́ yẹn. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé kò rí oorun sùn.

Lọ́dún yìí, ó mọ̀ọ́mọ̀ dorí àsíá kodò ni. Ó yan búrẹ́dì oníṣúgà, ó to ife sórí tábìlì, ó wọ aṣọ tó dára, ó jókòó. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójúde. Ó dìde, ó tún irun ṣe, ó ń retí kí wọ́n kanlẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó kàn án. Nígbà tó yọjú lójú fèrèsé, Tjalling ló ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn lọ. Àsíá ti dúró bó ṣe yẹ.

Ó pè é. Tjalling kò kọjá ẹnu géètì.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àwa aládùúgbò ti jọ sọ ọ́ pé kò yẹ ká tún fi dójú tì yín. Ìgbàkigbà tó bá tún ṣẹlẹ̀, màá máa bá yín tún un ṣe. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo wá."

Hiske fẹ́ sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Fryslân lòun náà. Báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ kí wọ́n wá kanlẹ̀kùn òun? Ojú tì í.

"O ṣeun, Tjalling."

Tjalling ṣí fìlà fún un, ó sì sọdá títì lọ sílé, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ṣe ìyá àgbà lóore.